Wáyà Tí Mi Ò Bò

Lọ́jọ́ tí wáyà gbé Ìyá mi ṣubú ní pálọ̀,
ẹ̀wà inú abọ́ fọ́n ká orí rọ́ọ̀gì.
Ó jókòó sílẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín,
ó ní, "Àjìbádé, o ò tíì jẹ́ kí n sinmi síbẹ̀."
Bàbá ti lo ọdún méjì nínú ilẹ̀ nígbà náà.
Èmi ni mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, mo dé Òkèsà ní Sátidé,
mo ra ìsó pẹlẹbẹ, rọ́bà ìdè, páìpù funfun onígun mẹ́rin
tí wọ́n fi ń bo wáyà mọ́ ara ògiri.
Ọmọ tó ń tà á bi mí pé, "Ẹsẹ̀ bàtà mélòó?"
Mo ní kó ṣáà fún mi ní púpọ̀.
Mi ò tíì wọn nǹkan kan.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́:
ìfun adìyẹ tí ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yíyọ rẹ̀,
pupa gun dúdú, dúdú fún pupa lọ́rùn,
eruku, ìyẹ́ aáyán, ìdérí bírò,
kọ́kọ́rọ́ kan tí a torí ẹ̀ fura sí ọmọ ọ̀dọ̀.
Bàbá mi, òṣómàáló,
tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀,
tó kọ gbèsè gbogbo Ìkàrẹ́ sínú ìwé pélébé kan
tí kọ́bọ̀ kan ò sì sọnù,
ọkùnrin náà ò mọ wáyà ká.
Ó ní, "Ohùn ni mo rà, mi ò ra okùn."

Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo fi tépù sí wọn lọ́rùn, mo kọ orúkọ sí i:
Ọ̀tún. Òsì. Iná. Àwo. Káséètì.
Èyí tó gùn lápọ̀jù, mo ká a bí òṣùká,
mo tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.
Mi ò so ti iná pọ̀ mọ́ ti ohùn;
ẹni tó bá dì wọ́n papọ̀ yóò gbọ́ hùn-ùn-ùn lábẹ́ orin,
bí àgbà tó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò fẹ́ sọ.

Ìyá ń bó ẹ̀pà, ó ń wò mí.
"Ṣé o ò ní já a?"
Mi ò ní já a, Ìyá.
"Bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó já a."

Ó wá ku ẹyọ kan.
Wáyà tín-ín-rín, ó ti pọ́n bí eyín amutábà,
kò sí lára sípíkà ọ̀tún, kò sí lára tòsì.
Mo tọ̀ ọ́ lọ lábẹ́ rọ́ọ̀gì,
ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó gun férémù,
ìsó kan ní gbogbo ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ gbọnrangandan
(ẹni tí kò mọ wáyà ká ló kàn án bẹ́ẹ̀ o),
ó wọ ilé ìdáná.
Níbẹ̀, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́,
sípíkà kékeré kan, kò ju àkàrà méjì lọ,
èéfín ti kùn ún bí ìdí ìkòkò.

Mo pe Ìyá. Kò dìde.
Ó ní, "Ọdún tí oyún bàjẹ́ lára mi ni.
Mi ò fẹ́ rí ojú ènìyàn. Ìdí iná ni mo ń gbé.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Mo kàn jí lọ́jọ́ kan, orin ti wà nílé ìdáná."
Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà nù.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo parí.
Pálọ̀ mọ́ bí ilé ẹni tí kò tíì bímọ.
Àlejò kò ní mọ ibi tí ohùn ń gbà dé.
Páìpù ṣẹ́ kù. Mo wọ̀n ọ́n,
ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọn nǹkan lọ́jọ́ yẹn:
ó tó wáyà ilé ìdáná í bò, ó tún ṣẹ́ díẹ̀ kù.
Mo gbé e tì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Kò kọ́kọ́ fọhùn. Ó hùn. Ó wúkọ́ èéfín.
Lẹ́yìn náà, Ìyá dáwọ́ ẹ̀pà bíbó dúró.