Ìṣíde Òkè-Àró

Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ gbọ̀ngàn,
síbẹ̀ ọ́ìlì ò kúrò lábẹ́ èékánná.
Tábìlì kẹtàdínlógún. Aago olójú méjì.
Ẹni tó jókòó níwájú mi ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ:
Tiwalọlá, aṣọ iléèwé ló wọ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

Mo ti ọmọ ogun iwájú ọba, ìṣísẹ̀ méjì,
bí mo ṣe máa ń tì í lábẹ́ igi fúrúùtù
nígbà tí kò bá sí táyà tó jò.
Ó wò ó. Kò wò mí.
Ó ti tirẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù,
bí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé onígbèsè.

“Sìsílì,” ẹnìkan sọ kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi.

Wọ́n ní gbogbo ìṣíde ló lórúkọ:
ti Sìsílì, ti Faransé, ti Sípéènì,
ìlú tí n kò mọ ojú ọ̀nà wọn.
Ọ̀nà Ìlẹ́ṣà, ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Adó, ọ̀nà Ìdànrè,
mo ti lẹ táyà fún èrò gbogbo wọn
ní Àkúrẹ́ níbí.

Ní ìgbà kẹrin, mo ti ọmọ ogun ẹ̀gbẹ́ ilé-ìṣọ́.
Tiwalọlá dáwọ́ dúró.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ń jẹ ìdí pẹ́ńsù.

Ní ìgbà kọkànlá, ìka mi kan ayaba,
ìgbà náà ni mo rí i pé
gbogbo ibi tó lè tẹ̀ ni wọ́n ti dọdẹ sí.
Òfin ni: ohun tí o bá fọwọ́ kàn, wà á gbé e.
Nínú iṣẹ́ tèmi, mo lè tú nọ́ọ̀tì,
kí n dé e padà, kí n ní kò nílò rẹ̀.
Níbí, ọwọ́ ti sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó mọ̀.

Mo jà títí di ìgbà kẹrìnlélọ́gbọ̀n.
Ọmọ ogun tí mo kọ́kọ́ tì ṣì ń lọ,
ó ku ìṣísẹ̀ méjì kó di ayaba;
ọba ni ò lè dúró dè é.

Ó kúnlẹ̀ kí mi,
ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọba mi.
“Bàbá, ti ìgbà kẹrin yẹn ò sí nínú ìwé mi.
Kí lorúkọ rẹ̀?”
N kò rí nǹkan sọ.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù,
lọ́rì pákó láti Ọ̀rẹ̀ ti ń dúró, táyà ẹ̀yìn fọ́.
Mo na ọwọ́ sí nọ́ọ̀tì.
Mo dá a dúró lófuurufú díẹ̀.