Fọ́nrán Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlá

Èmi ni mo di fóònù mú.
Kí ẹ tó bi mí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́:
ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni,
fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
lẹ́yìn ilé Nong Berting, ní General Santos,
níbi tí òórùn ẹja túnà ti ń bá èèyàn wọ inú oorun.

Jonrel ń lu táyà.
Kò sí àpò ẹ̀ṣẹ́; táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n so rọ̀ sára igi àgbọn.
Láti àfẹ̀mọ́jú ló ti ń bá bàbá wa ru ẹja ní èbúté,
ẹja tó gùn jù mí lọ.
Ìpẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀,
ó ń tàn yanran nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.
Gbì. Gbì-gbì. Gbì.
Mo ya á. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá péré.
Mo gbé e sórí ayélujára, mo lọ se ìrẹsì.

Kí ìrẹsì tó jinná, ayé ti gbọ́.
Obìnrin ìlú wa kan tó ń tọ́jú arúgbó ní Dubai
kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀jẹ̀ wa nìyí o."
Ọdún mẹ́jọ ni Nong Berting fi kọ lẹ́tà sí àwọn onígbọ̀wọ́ Manila;
lẹ́tà lọ, lẹ́tà ò bọ̀.
Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ṣí ilẹ̀kùn
tí ọdún mẹ́jọ kàn títí tí ọwọ́ fi bó.
Wọ́n pè láti Osaka.
Owó bàtà dé. Owó eyín ìyá wa dé.
N kò ní purọ́ mọ́ fóònù: ó bọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ni á bèèrè oúnjẹ tirẹ̀.
"Jẹ́ ká rí ibi tí o ti ń sáré."
"Bú Kuramochi díẹ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì lè tà."
Jonrel tí kì í bú ajá
jókòó síwájú fóònù, ó ń wá èébú
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.
Nong Berting ní, "Ẹ̀ṣẹ́ tí o bá fi ẹnu jù,
ìkúùkù ò ní rí i lò mọ́."
Jonrel ò gbọ́. Ó ń ka iye èèyàn tó ń tẹ̀lé e,
ó ń kà á ní òru, iná fóònù ni òṣùpá rẹ̀.
Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí kò sùn:
òjò rẹ̀ á ṣú, kò ní rọ̀.

Kuramochi ò fèsì kankan.
Ó kàn ń wò.
Nínú gbogbo fídíò tí mo yà, ọgọ́rin ó lé,
apá òsì Jonrel máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kẹta.
Èmi ò rí i. Èmi tí mo yà á!
Àṣírí ilé wa ni mo ń tà, mo rò pé ìpolówó ni.

Ráúǹdì kejì. Ẹ̀ṣẹ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta,
apá wálẹ̀,
Jonrel bá a wálẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gé ìṣubú rẹ̀,
wọ́n fi ẹja tó ń fò pàtìpàtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi orin ẹ̀fẹ̀ sí i.
Ní èbúté, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi han bàbá wa, ó ń rẹ́rìn-ín.
Bàbá sọ ẹja èjìká rẹ̀ kalẹ̀.
Ó ní, "Tún un ṣe, kí n rí ibi tó ti dìde."
Kò sí níbẹ̀.
Ó dìde o! Rẹfirí ka mẹ́jọ, ó dìde,
ó tún ja ráúǹdì méjì kí wọ́n tó dá a dúró,
ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ wo ẹni tó ń dìde?

Lánàá, ó padà sídìí táyà.
"Inday, wá yà mí."
Mo gbé fóònù sókè.
Gbì. Gbì. Gbì.
Apá òsì rẹ̀ wálẹ̀.
Mo ki fóònù bọ àpò, mo pariwo:
"Apá òsì! Gbé e sókè!"