Iwájú Orí Tencha

Èmi ni mo máa ń kun iwájú orí rẹ̀.
Kí oòrùn tó yọ lókè olókùúta Chatsworth,
bàbá mi, Eusebio Landeros, á di ìjánu mú,
èmi á gun orí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
pólíìṣì bàtà funfun lọ́wọ́ òsì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ ọ̀tún:
ìlà kan láti àárín ojú dé imú,
kó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì níbi tó ti fẹ́ parí,
nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti Meridian ṣe tẹ̀.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Owó iṣẹ́ mi, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Meridian lẹ mọ̀.
Òun ló ń fi eyín tú okùn tí àwọn olè fi de ọ̀gá rẹ̀ mọ́gi,
òun ló ń fi pátákò ka ení, èjì, ẹ̀ta,
tó ń mi orí bí àgbà tí ọ̀rọ̀ yé,
tí àwọn ọmọdé á fi ṣíbí sẹ́nu, tí wọn ò ní rántí jẹun,
ní gbogbo alẹ́ Sátidé.
Ẹ ò rí Ọ̀gbẹ́ni Kroll lẹ́yìn kámẹ́rà
tó na pàṣán sókè, tí kò fi lu nǹkan kan,
tó kàn ń mì ín fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ewé.
Meridian ò mọ ení, kò mọ èjì. Pàṣán ló ń wò.
Àmọ́ ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.
Ilé rẹ̀ ní fáànù. Páálí la fi ń fẹ́ra nílé tiwa.

Bí ìtàn bá wá dé ibi ìbọn,
tí Meridian gbọ́dọ̀ ṣubú,
wọn á rọra fà á lọ sábẹ́ igi,
wọn á ní, "Tencha dà?"

Ọwọ́ alápatà ni bàbá mi ti rà á, ní Bakersfield,
abo ẹṣin pupa rúsúrúsú, ìhà rẹ̀ ṣeé kà.
Bàbá mi ló kọ́ ọ ní ìṣubú.
Ó tú ilẹ̀, ó da iyanrìn sí i, ó kó koríko gbígbẹ lé e,
á fa ìjánu sápá ọ̀tún, jẹ́ẹ́jẹ́,
á máa fi èdè Sípáníìṣì bẹ̀ ẹ́ létí, kárọ́ọ̀tì lápò.
Oṣù mẹ́rin gbáko
kí Tencha tó gbà pé ilẹ̀ ò ní pa òun.
Ṣáájú ìgbà yẹn, wáyà ni wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ ẹṣin.
Bàbá mi rí i lójú ara rẹ̀ rí. Kì í sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, gígùn là ń tún un gùn.
Ẹṣin téèyàn ń dá ńkọ́?
Tencha á dìde, á gbọn iyanrìn dànù,
á yíjú wẹ̀yìn, á wo ẹni tó já bọ́,
bóyá nǹkan ò ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ní kó ṣubú.
Ẹ̀ẹ̀kan, ìkùukùu bo oòrùn. Ẹ̀ẹ̀kan, fìlà òṣèré ò wu ọ̀gá.
Òógùn fọ pólíìṣì wọ ojú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú.
Wọ́n pè mí kí n tún un kùn.
Mo gun korobá.
Mo fa ìlà náà wálẹ̀,
mo wá tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún.

Kò sẹ́ni tó rí i.
Meridian kú, wọ́n fi òkúta sórí ibojì rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ sí i.
Ilé ìwé ni mo wà nígbà tí Tencha kú; mi ò béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ,
ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Nísinsìnyí, ní Fresno, ọmọ-ọmọ mi ń wò ó lórí fóònù,
dúdú àti funfun, ẹṣin ń sáré, ìbọn dún.
Mo ní, "Dá a dúró. Wo imú rẹ̀."
Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀, Màmá Delfina?"
Eruku ti bò ó.
Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn.