Àdá tó Kúnu

Ní Ìlawẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Igbára-Odò,
oko àgbagbà mi ò ju ẹgbẹ̀ta ìdí lọ.
Bí a bá gé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan,
a ó bẹ́ ìyá rẹ̀ lulẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ gbalaja
bí òkú àlejò tí kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀.
Ẹ̀fọn á yé síbẹ̀.
Òórùn á gba ojú ọ̀nà.
Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ á máa yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.
Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pọ́n àdá sí.
Mo gbà. Ta ni èmi?

Àfi bí Ọmọ́jọlá ṣe ti Adó dé,
lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí mo ta kòkó ọdún mẹ́ta sí,
tó ní ìtì lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.
"Jọlá, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ sìn ni?"
Ó ní, "Aṣọ ni, Bàámi."

Aṣọ!
Ẹ̀yin tí ẹ ti ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.
Ṣé oje yìí, tó bá kán síni láṣọ lẹ́ẹ̀kan,
ọṣẹ dúdú ò ràn án, omi gbígbóná ò ràn án,
oje tí ìyá mi torí ẹ̀ nà mí láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi
nítorí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí mo ní,
ṣé òun náà la fẹ́ wọ̀ báyìí?

Mo gbé àdá fún un.
Mo ti pọ́n ọn dáadáa, kó má baà pè mí láhun.
Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó dá a padà.
"Èyí á gé e já. Ẹ fún mi ní èyí tó kúnu."

Mo dúró.
Òwe tí mo ti ń pa láti kékeré
kọ ẹ̀gbẹ́ kejì sí mi.
Ṣé ohun táwọn àgbà ń wí nìyẹn,
àbí àwọn náà ò mọ̀?

Ó ṣí ìtì ní ìpele ìpele bí ẹni ń bó àlùbọ́sà,
ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó ń fi àdá kíkú fá a.
Omi ń dà, ara rírọ̀ ń lọ,
títí ohun funfun kan fi ṣẹ́ kù sílẹ̀,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, bí irun arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ orí.
Mo fà á. Kò já.
Mo fi ẹsẹ̀ tì, mo tún fà á. Ìka mi ló fẹ́ẹ̀ já.
Ọ̀pọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ o, n kò ní purọ́.
Òjò pa ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bu.
Èyí tó kù ò kún ọwọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ló béèrè òfì ìyá mi.
Mo dákẹ́.
Nítorí igi òfì yẹn, èyí tí Yèyé Fẹ́yìíṣọlá fi hun kíjìpá
tí wọ́n fi pọ̀n mí,
mo ti fi gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ró létí odò láti ọdún tí a sin wọ́n,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ̀fúùfù má baà wó o.
A jọ lọ yọ ọ́ ni. Ikán ti jẹ ìdí ọ̀kan.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wó lálẹ́ ọjọ́ kẹta
pẹ̀lú èso tí kò tíì gbó.
Mo bínú díẹ̀.
Jọlá ní, "Ẹ má jù ú nù."

Aṣọ tó kọ́kọ́ kúrò lórí òfì kò ju ìnujú lọ.
Ó le bí ahọ́n ológbò.
Ẹnì kan ní Adó ní òun á rà á, òun á fi rán àpò;
n kò tíì rí owó.
Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án àná, oòrùn mú, mo fi í nu ojú.
Oje kán sí i láti ọwọ́ mi.
Mo fẹ́ kígbe.
Mo wò ó, mo tún wò ó.
N kò rí ibi tó kán sí.