Ọfà Kẹrin

Ní Moynaq, ìlú tó ti jẹ́ etí òkun rí,
mo gbé kẹ́tùlù ka iná nínú kíláàsì kẹta.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún, kóòtù lọ́rùn gbogbo wọn,
nítorí òtútù oṣù Èrèlé kò mọ̀ pé a ti ti fèrèsé.

"Ẹ wò ó," mo wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."
Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun,
ó hó,
ó yọ lẹ́nu kẹ́tùlù, funfun, ó ń lọ sókè.
Mo gbé ìdérí ìkòkò tútù dúró lókè rẹ̀:
ó sẹ̀ síbẹ̀ bí ìrì,
ẹ̀kán méjì sún mọ́ra, wọ́n di ọ̀kan,
ó wúwo, ó ń kán, tó, tó, sínú abọ́.
Allaniyaz pàtẹ́wọ́ bí ẹni rí idán.

Mo kọjú sí pátákó, mo ya ọfà mẹ́rin.
Èkíní láti òkun lọ sójú ọ̀run: oòrùn ló fà á.
Èkejì láti inú ìkúukùu bọ́ sórí òkè: òjò nìyẹn, tàbí yìnyín.
Ẹ̀kẹta láti orí òkè wọnú odò.
Ẹ̀kẹrin láti odò padà sínú òkun.
"Kò sí omi tuntun láyé," mo ní.
"Èyí tí ẹ mu láàárọ̀ yìí ti wà kí baba ńlá yín tó wà.
Ó ń lọ ni, ó ń bọ̀ ni,
àlejò tí kì í gbàgbé ọ̀nà ilé."

Mo ń gbádùn ohùn ara mi
nígbà tí Biybinaz nawọ́.

"Tíṣà, ṣé ó máa ń padà lóòótọ́?"
"Ó máa ń padà."
"Ọjọ́ wo ni tiwa máa padà?"

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ibí.
Láti fèrèsé wa, a ń rí àwọn ọkọ̀ ẹja lórí yanrìn,
ìpatà ti jẹ wọ́n láyà,
ràkúnmí ń sinmi lábẹ́ òjìji wọn.
Bàbá àgbà Biybinaz ló wa ọ̀kan nínú wọn.
Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò bàbá.
Òkun Aral ń fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sún sẹ́yìn
bí onígbèsè tó ń yọ́ jáde lágbo.
Ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ìjì ń bù ú sí wa lóúnjẹ láìbéèrè.

Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni.
Tiwa kò tiẹ̀ ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo fẹ́ sọ pé ó di ọ̀la. Irọ́ ni.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n.
Mo ń wo ìwé ẹ̀kọ́: òkun inú rẹ̀ kún dẹ́nu,
ẹni tó yà á kò dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Allaniyaz ló dìde. Kò tọrọ ààyè.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí ọfà kẹrin rẹ́,
ó mú ẹfun, ó tẹ ọfà náà sọ́wọ́ òsì,
ó ya òdòdó róbótó mẹ́ta síbẹ̀.
"Òwú," ó ní. "Oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ibẹ̀ ló ń dúró sí."
Ó wá wò mí. "Ṣé mo gbà á?"

Kí ni kí tíṣà ṣe? Òwú ló wà nínú kóòtù gbogbo wa.
Mo fún un ní máàkì.
Gbogbo máàkì ni mo fún un,
mo sì ní kí wọ́n yà á sínú ìwé bẹ́ẹ̀,
kí ẹni tó bá fẹ́ ya ọfà karùn-ún
síbi tó bá wù ú.

Nígbà tí agogo lù, omi inú abọ́ ò ju ṣíbí mẹ́rin lọ.
Biybinaz tọrọ rẹ̀. Ó rọra gbé e lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́,
síbi igi saksaul tí a gbìn lọ́dún tó kọjá,
tí kò tíì ga ju orúnkún rẹ̀ lọ.
Ó dà á. Ilẹ̀ gbé e mì kí n tó ṣẹ́jú.
Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo, ó ń wojú ọ̀run,
bí ẹni tó kọ lẹ́tà tó ń retí èsì.

Mo ní, "Wọlé, òtútù ń mú."
Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀."