Iyọ̀ Kì Í Kánjú

Ní Thoothukudi, létí òkun àwọn Tamil,
Pechiyammal fi ọgbọ̀n ọdún wa iyọ̀
títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi le bí awọ bàtà.
Ó ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ò fẹ́ ìtànṣán mọ́.
Ó ní maṣíìnì ìránṣọ kan tó fẹ́ tà,
dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ irin, ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í síta lórí fóònù:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin rúpìì.

Kò pé wákàtí kan tí ẹnìkan pè.
Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń pè é ní Ìyá.
"Ológun ni mí, Ìyá. Ẹnu bodè ni mo wà.
N kò ní ná an rárá. Gbogbo owó ni n ó san."

(Èmi tí mò ń kọ́ wọn ní fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun
nínú yàrá ìkàwé tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹyẹ,
ǹ bá ti fura níbẹ̀:
ẹni tí kò ná ọjà,
kì í ṣe ọjà ló wá rà.)

Fóònù gbọ̀n. Iye owó náà yọ lójú rẹ̀.
"Ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín, Ìyá, mẹ́rin péré,
kí owó lè wọlé. Kíá. Ọ̀gá mi ń pè mí."
Ó tẹ ẹyọ kìíní.
Ó tẹ èkejì.

Ó wí fún mi lẹ́yìn náà pé iyọ̀ ló dá òun dúró.
Pé òjò tó ń wọ oko iyọ̀ kì í tọrọ kọ́kọ́rọ́,
ó kàn ń rọ̀ wọlé ni.
Àmọ́ bí omi yóò bá jáde,
ẹnìkan ní láti bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ lànà fún un.
"Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo kọ́ wa, tíṣà?
Owó tó ń bọ̀ kì í bèèrè àṣírí.
Èyí tó ń lọ ni."
Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo wí. Tèmi gùn, ó sì gbẹ,
mo kọ ọ́ sára pátákó, ìdajì wọn ń tòògbé.

"Ìyá, kí ló dé? Ẹ kánjú!"
"Ọmọ mi, ẹni tó kánjú kó iyọ̀,
omi ló kó relé."
Ó pa fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé e wá bá mi.
A jọ kà á, ó ń fìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan:
kò sí "gbà" níbẹ̀. "San" ni wọ́n kọ,
wẹ́wẹ́, bí ẹyin èèrà.
A pe báńkì, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì la pè.
Ó yí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ padà.
Mo kọjú sí ògiri nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́.

N kò sọ fún un pé lọ́dún tó kọjá,
èmi Jothimani, tíṣà, oníwèé-ẹ̀rí,
tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.
Owó ilé oṣù méjì.
Ohùn tutù bẹ́ẹ̀ náà ni.

Arumainayagam tó ń ránṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló padà rà á.
Ó ná an títí ilẹ̀ fi ń ṣú.
Ó na fóònù tirẹ̀: "Wò ó, mo ti san."
"Tìrẹ nìyẹn," ni Pechiyammal wí.
Ó wọ awò ojú, ó ṣí àkáǹtì tirẹ̀.
Kò tí ì dé. Wọ́n jókòó. Wọ́n mu tíì.
Nígbà tó dé, ó ka òdo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀
bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ wò.
"Ó pé," ó ní. "Máa gbé e lọ.
Máa fi òróró sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.
Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ké lóru."