Kẹ́ Kan Péré

Mo tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́.
Mo tún un tẹ̀. Kẹ́.
Bí ẹni fi èékánná ta agolo mílíìkì tó ṣófo.
Ohùn yẹn nìkan ni Họ́ńdà Bàbá ní lẹ́nu láti àárọ̀ Ọjọ́rú
títí òjò fi ṣú sórí Òkè-Àró.

"Fẹsẹ̀ gbá a," làwọn ará ilé ń wí.
Ẹsẹ̀ ta?
Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ti sùn láti ọdún kejì,
ẹsẹ̀ tó máa ń gbá alùpùpù yìí jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́
nígbà tó ń lọ yẹ kòkó wò ní Ìdànrè, ní Bọ́lọ́rúndúró,
tí yóò padà dé pẹ̀lú eruku pupa nínú irùngbọ̀n.
Ọ̀rọ̀ náà bá ẹsẹ̀ yẹn sùn, ó ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ò sùn.
Nítorí àtàǹpàkò yẹn ni mo ṣe ń wá sítátà.

Túyì dé láti Arákàlẹ̀, sípánà rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì.
Wọn ò tíì bí i nígbà tí Bàbá ra ẹ̀rọ yìí.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Tan iná iwájú."
Mo tàn án, ó mọ́lẹ̀ kedere.
"Tẹ̀ ẹ́ báyìí." Kẹ́,
iná náà sì wọ́lẹ̀, ó pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn,
ó tún là.
"Bátìrì ò kú," ló wí. "Ebi ló ń pa sítátà.
Oúnjẹ wà nílé, ọ̀nà ni ò dáa."

Ó fi sukudíráfà so irin méjì pọ̀ lórí sólẹ́nọ́ìdì.
Iná ta ṣàà! Mo sá sẹ́yìn. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.
Sítátà ò mira.
A tú u. Bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ dé ìdí
bí ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi parí sáà.
Ó ra méjì wá, wọn ò bá a mu, ó fi fáìlì há wọn kéré,
ó fi sáńdípépà nu bàbà títí tí bàbà fi rántí àwọ̀ ara rẹ̀.
A dá gbogbo rẹ̀ padà, bóòtù kan ṣẹ́ kù tí a ò mọ ibi tó ti wá.
Mo gbàdúrà kúkúrú, mo tẹ̀ ẹ́.
Kẹ́.

Ìgbà náà ni Bàbá sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.
"Ilẹ̀."
Ìyá mi ní àga ti sú u ni, ó sáré tẹ́ ẹní.
"Ilẹ̀," ó tún wí, ó fi ọwọ́ lu igi fèrèsé.
Mo wo ilẹ̀ bóyá nǹkan kan jábọ́.
Epo dúdú ni, àti èèrùn mẹ́ta tó ń yí i po.
"Ilẹ̀!" Ojú rẹ̀ pọ́n sí wa bí ojú olùkọ́.

Túyì dìde wùyà. "Háà! Wáyà ilẹ̀!"

Ó tú bóòtù tó de wáyà dúdú mọ́ férémù.
Abẹ́ rẹ̀ ń dán, ó pupa, ó rẹwà.
Ọ̀dà ni. Ọ̀dà mi.
Èmi ni mo kùn ún lọ́dún Kérésì kí inú rẹ̀ lè dùn,
mo kùn ún nípọn, n kò fi ibì kankan sílẹ̀,
mo kùn ún dí ibi tí irin ti ń bá irin sọ̀rọ̀.
Túyì ò bá mi wí. Ó fa abẹ yọ,
ó ha á títí irin funfun fi yọjú, kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ.

A gbé Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.
Mo gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé bọ́tìnnì. Ó tì mí lọ́wọ́ dànù,
ó wá a fúnra rẹ̀.

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó ké!
Adìẹ tú ká, Ìyá mi bo etí, ó ń rẹ́rìn-ín,
èéfín búlúù gba ìta wa kọjá sí ilé kejì.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.
Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbọ́, ó ń gbọ́,
lẹ́yìn náà ó mi orí.
"Kábúrétọ̀," ló wí.

Túyì tú àpò ìrẹsì rẹ̀ tó ti dì.